Àyè Elégbè

"Ẹ̀yin náà lẹ máa gbè é, Àǹtí Dorcas," ni Josiah wí. Kò tilẹ̀ wojú rẹ̀. Ojú kọ̀m̀pútà tó wà níwájú rẹ̀ ló ń wò, níbi tí àwọn ìlà kéékèèké ti ń tẹ̀lé ara wọn lọ bí eèrà. "Ẹ kọ́kọ́ dá orin náà. Bí ẹ bá dá a tán, a ó gbé e sí yín létí, ẹ ó wá fi ohùn yín kan náà gbè é."

Dorcas rò pé ọ̀rọ̀ náà ò yé òun dáadáa. "Èmi ni n ó dá a, èmi náà ni n ó gbè é?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rọ á pa méjèèjì pọ̀. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ dúró de ẹnì kejì yín, kò burú. Ẹ jẹ́ ká sún un di oṣù tó ń bọ̀."

Ẹnì kejì náà ni Marufat, tó ń fín igbá tà ní Ọjà Akẹ̀sán, ní Ọ̀yọ́. Dorcas ní tirẹ̀ ń ṣe tíṣà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílùú kan náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ní kíláàsì ni wọ́n ti ń kọrin pọ̀. Dorcas a dá a, Marufat a gbè é, ẹni tó bá sì mọ orin gbọ́ a mọ̀ pé ẹni tó ń gbè é gan-an ló gbé orin náà ró. Kò sẹ́ni tó kọ́ Marufat ní ohun tó ń fi dáhùn. Àtinúdá rẹ̀ ni.

Yàrá Dorcas ni wọ́n ti máa ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Akínpẹ̀lú, ọkọ rẹ̀, a fi ẹní dí fèrèsé, a gbé rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì sórí àga, a ní kí àwọn méjèèjì sún mọ́ ọn. Wọ́n á dúró títí ẹ̀rọ ìlọta àdúgbò á fi dákẹ́. Bí ẹnì kan bá ṣì í, tàbí tí ewúrẹ́ ké, àtìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n á tún un kọ, nítorí ibi kan náà ni ohùn wọn ń bọ́ sí lórí téèpù, kò sì sẹ́ni tó lè yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọ̀kan nínú kásẹ́ẹ̀tì wọn ló dé ọwọ́ Josiah ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti London dé pẹ̀lú kọ̀m̀pútà tó ń to orin, tó sì sọ yàrá méjì nínú ilé bàbá rẹ̀ di sítúdíò. Òun ló ránṣẹ́ pè wọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ, Marufat bá Dorcas ní gáréèjì, ṣùgbọ́n kò gbé báàgì dání.

"Èéyi ti mú Anas," ó wí. Anas ni ọmọ rẹ̀. "Ara ẹ̀ gbóná bí iná. Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún wọn kí wọ́n ní sùúrù fún wa."

"Màá sọ fún wọn. Lọ tọ́jú ọmọ ẹ."

Ohun tó sì ní lọ́kàn láti sọ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí ògiri tí wọ́n fi fóòmù bò, tí Josiah tẹ bọ́tìnnì kan, tí ìlù àti gìtá sì ń jáde láìsí onílù kankan, orí rẹ̀ wú. Ó ti ròyìn fún àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ń lọ. Ó rò ó pé oṣù tó ń bọ̀ jìnnà, pé ọkàn ọkùnrin yìí lè yí padà. Ó rò ó pé Marufat kì í ṣe oníbìínú èèyàn.

"Ẹ jẹ́ ká ṣe é," ni ó wí.

Ó dá orin náà. Lẹ́yìn náà Josiah gbé ìgbọ́rin bò ó létí, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń pè é, ó sì dá a lóhùn. Ibi tí Marufat máa ń fà gùn, ó fà á. Ibi tó máa ń ṣẹ́ ohùn, ó ṣẹ́ ẹ. Kò ṣì í níbì kankan. Inú rẹ̀ dùn títí tó fi dé Ọ̀yọ́, tó sì yà kí Marufat. Ara ti ń tu Anas díẹ̀.

"Kí ni wọ́n wí?" Marufat béèrè.

"Wọ́n ní kí n kọ díẹ̀ nínú orin náà ná," ni Dorcas dáhùn, ó sì yára béèrè bóyá ọmọ ti jẹun.

Ìgbà ọyẹ́ ni kásẹ́ẹ̀tì náà jáde. Ìdí igbá rẹ̀ ni Marufat jókòó sí nígbà tó gbọ́ ọ láti ṣọ́ọ̀bù ọlọ́jà kan tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó mọ̀ pé àwọn méjèèjì jọ ń kọrin ń wá kí i kú oríire, wọ́n ní ohùn rẹ̀ dùn púpọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kò sọ fún ẹnì kankan pé kì í ṣe òun.

Nígbà tí wọ́n ròyìn fún Dorcas bí Marufat ṣe ń dúpẹ́, ó dùn ún ju èébú lọ. Ó wọkọ̀ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó bi Josiah bóyá ọ̀rọ̀ náà ṣì ṣeé tún ṣe. Josiah ní kò le rárá. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan wà nínú kọ̀m̀pútà. Òun lè yọ èkejì kúrò, kí Marufat wá fi tirẹ̀ rọ́pò, kí wọ́n sì tún gbé kásẹ́ẹ̀tì mìíràn jáde. Tayọ̀tayọ̀ ni Dorcas fi gbé ìròyìn yìí dé Akẹ̀sán.

Marufat gbọ́ ọ títí dópin. Ọ̀bẹ tó fi ń fín igbá kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìwọ ńkọ́? Níbo lo máa wà nígbà tí mo bá ń kọ ọ́?"

"Ohùn tèmi ti wà ńlẹ̀. Wọ́n á gbé e sí ọ létí."

"Ẹ̀n-ẹ́n." Ó fẹ́ eruku kúrò lójú igbá. "Dorcas, kí n tó gbè ọ́, èémí ẹ ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́. Bó bá fẹ́ rẹ̀ ọ́, màá mọ̀, màá tètè gbà á lẹ́nu ẹ. Ta ni mo fẹ́ gbà á lẹ́nu ẹ̀ níbẹ̀ yẹn? Ìwọ ni mo ń gbè. Mi ò gbe kásẹ́ẹ̀tì rí."

"Mo ṣẹ̀ ọ́. Mo mọ̀. Dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ọ́. Mo kàn ṣàkíyèsí pé kò sí ohun tó dín nínú orin náà ni. Ìyẹn ló wọ̀ mí lára."

Dorcas fẹ́ sọ fún un pé ó dín. Ṣùgbọ́n kò dín. Òun fúnra rẹ̀ ló rí i dájú pé kò dín.

"Ṣé mo ṣì lè máa wá kí ọ níbí?" ó béèrè.

"Ọjà ọba ni. Ta ni n ó ní kó má wá?"

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Josiah ránṣẹ́ sí Dorcas fún orin kejì. Ó lọ. Ó dá orin náà tán, Josiah sì na ìgbọ́rin sí i.

"Ó yá, ẹ wá gbè é."

"Mi ò ní gbè é."

"Ṣé ká wá ẹlòmíràn ni? Àwọn ọmọbìnrin kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tí ohùn wọn dára."

"Rárá o."

Josiah yíjú kúrò lára kọ̀m̀pútà, ó wò ó. "Àǹtí, àyè elégbè á ṣófo. Àwọn èèyàn á mọ̀ pé nǹkan kan ò sí níbẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀," ni Dorcas wí. Ó mú báàgì rẹ̀, ó sì jáde lọ wá ọkọ̀ Ọ̀yọ́.