Àṣìṣe Tí Mo Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù

Lọ́dún 1993, mo ti ń pọn ọmọ-ọmọ nígbà tí mo gba fọ́ọ̀mù ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn tí yóò di ọ̀gá àgbà nílé ìkàwé wa. Mo dáhùn gbogbo ìbéèrè, àfi ẹyọ kan: àṣìṣe wo lẹ ti ṣe rí lẹ́nu iṣẹ́? Èmi kẹ̀? Mi ò rántí ọ̀kankan.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa gbà á kẹ́yìn, mo wá fọ́ọ̀mù tì. Àṣé inú ìwé kan ni mo fi í sí, kí n lè mọ ibi tí mo kà dé, wọ́n sì ti yá ìwé náà lọ. Káàdì ìyáwèé ló tú àṣírí: Alhaji Habibullah, àdúgbò Gàmbàrí. Mo fò sórí ọ̀kadà. Ìdí ńlá mi gba ìjókòó tán, ọlọ́kadà fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sórí táńkì.

Alhaji ti ń retí mi. “Ìyá Láíbìrì! Ta ló lé mi jáde lóṣù tó kọjá torí mo fi bébà sínú ìwé?”

“Èmi ni, Alhaji. Ẹ ṣàánú mi, òní ni wọ́n ń gbà á mọ.”

“Ẹ kọ́kọ́ ka òfin ara ògiri yín fún wa.”

Mo kúnlẹ̀, mo kà á sókè: “Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan sínú ìwé.” Àwọn ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí ìró mi fi tú.

Alhaji yọ fọ́ọ̀mù fún mi. Mo tọrọ bíírò, orí ẹní rẹ̀ ni mo ti dáhùn ìbéèrè tó kù.

Wọ́n mú mi fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà. Ọ̀gá tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò ní ìdáhùn yẹn nìkan ló jọ òótọ́ nínú gbogbo fọ́ọ̀mù mi.