Ẹ̀rọ Tó Ń Ké Lára Ògiri

Ọjọ́ tí Fẹ́kọ́mi, ọmọbìnrin tó ń lọ yunifásítì, gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó fẹ́ fi yẹ ògiri wò wọ ilé Alhaji Jàfárù ní Baruwa, Ganiyat ló kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún un. Opó tó ń ránṣọ ni Ganiyat, ó háyà yàrá kan nínú ilé náà. Láti ìgbà tí oyún ti bàjẹ́ lára Fàdìlàt, ìyàwó kékeré Alhaji, ni wọ́n ti ń fojú burúkú wo Ganiyat nínú ilé. Ó rò pé bí òun bá ṣe àlejò dáadáa, ojú rere á padà. Àṣé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fa ìjàngbọ̀n wọlé.

Fẹ́kọ́mi fi ẹ̀rọ náà kan ògiri yàrá Ganiyat, ó ń ké tí-tí-tí. Gbogbo ilé péjọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ló wà ńbẹ̀?" Alhaji bèèrè.

"Kò sí nǹkan kan, sà. Òkúta àti yanrìn tí wọ́n fi kọ́lé ló máa ń tú ìtànṣán tí ojú kì í rí jáde. Gbogbo ilé kọnkéré ló ní i, kò tó nǹkan. Ẹ kàn máa ṣí fèrèsé."

Ta ló gbọ́ ìyẹn? Igbe ẹ̀rọ ni wọ́n gbọ́.

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," Fàdìlàt ní. "Ó ti ri nǹkan mọ́ ògiri, jàre."

Ganiyat bọ́ síwájú. Ó kúnlẹ̀. "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó gbé ẹ̀rọ yìí dé yàrá tiyín. Bí kò bá ké níbẹ̀, màá kó jáde lónìí."

Alhaji gbà. Táìsì olówó ńlá tí wọ́n fi òkúta ṣe ló fi tẹ́ yàrá rẹ̀. Bí ẹ̀rọ ti débẹ̀, igbe rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Inú Ganiyat dùn débi pé ó bú sẹ́rìn-ín.

Alhaji wo ẹ̀rọ, ó wo Ganiyat tó dúró lórí táìsì rẹ̀. "Nǹkan náà ti tẹ̀lé ẹ wọlé," ló sọ.

"Ọmọ mi, bá mi ṣàlàyé fún wọn," Ganiyat bẹ Fẹ́kọ́mi.

Ọmọbìnrin náà la ẹnu. "Ṣé o ṣì fẹ́ wọn yàrá tó kù?" Alhaji bi í wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ó kọjá sí yàrá kejì. Gbogbo ìwé tó kà, ojo ni.

Kí wọ́n tó kírun Alásárì, wọ́n ti gbé maṣíìnì ìránṣọ Ganiyat sójúde nínú oòrùn, ó jókòó tì í. Ó ń gbọ́ bí ẹ̀rọ ti ń ké láti yàrá dé yàrá. Bó bá sì ti ké báyìí, wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i? Kò síbi tí obìnrin yìí ò dé."