Òòlù Tó Bá Ọwọ́ Òsì Mu

Ìrẹsì ọdún náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ àká tán ni àìsàn rọpárọsẹ̀ kọ lu Long Guangbiao. Ó dìde nídìí iṣẹ́ kó lọ bu omi mu, ló bá wó lulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí igi. Orí yọ ọ́, kò bá a lọ. Nígbà tó fi máa pé oṣù méjì, ó ti ń fi ọ̀pá rìn, ọ̀rọ̀ sì ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń rọ fàdákà láti ìgbà èwe rẹ̀ kò mira mọ́. Ńṣe ló rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ewé tí oòrùn pa.

Iṣẹ́ sì wà nílẹ̀. Ìyá kan ní abúlé òkè odò ti kó fàdákà wá kí wọ́n fi rọ adé ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, adé onílabalábá mẹ́rìnlélógún, tí ṣaworo wẹ́wẹ́ yóò máa mì létí rẹ̀ tí ìyàwó bá ń jó. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó gbé adìyẹ méjì wá kí wọn, ó ní òun ò gba fàdákà òun padà. "Ilé yìí ni wọ́n ti rọ tèmi," ló wí. "Ilé yìí náà ni wọ́n ó ti rọ tọmọ mi. Oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀ là ń sọ, ẹ ṣì ráyè."

Ta ni yóò wá rọ ọ́? Pan Jiuying, ìyàwó Guangbiao, wọ̀tún wòsì, kò rí ẹlòmíràn. Lian, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti wà nílé ọkọ lọ́nà jíjìn. Ọdún méjìlélógún ni Jiuying fi jókòó ti ọkọ rẹ̀, tó ń bá a fẹ́ná, tó ń bá a fọ fàdákà títí yóò fi dán. Kò sí ohun tó ń lọ nídìí iṣẹ́ náà tí ojú rẹ̀ ò mọ̀. Àmọ́ ohun tí ojú mọ̀, ọwọ́ lè má mọ̀ ọ́n.

Ó gbé òòlù ọkọ rẹ̀, ó wúwo. Èèkù rẹ̀ gùn, àtàǹpàkò Guangbiao sì ti jẹ igi náà wọnú síbi tí kò bá ọwọ́ Jiuying mu rárá. Èyí tó wá burú jù ni pé alọ́wọ́ òsì ni Jiuying. Òsì ló fi ń gé ẹ̀fọ́, òun náà ló fi ń ránṣọ. Bó ṣe gbé òòlù sí òsì báyìí, Guangbiao mi orí lórí àga.

"Ọ̀tún," ló wí. "Ọ̀tún... la fi ń lù ú. Gbogbo wa."

Jiuying ò fẹ́ bí i nínú. Ó gbé e sí ọ̀tún.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi jìyà. Òòlù á sọ̀ síbi tí kò rán an. Nínú gbogbo ẹ̀mú tó wà nílẹ̀, ẹ̀mú eléyín tí ọkọ rẹ̀ fi ń fa wáyà nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ lè ṣí dáadáa, òun ló bá fi ń di ìyẹ́ labalábá mú, eyín náà sì ń fi àpá sára fàdákà. Labalábá mẹ́fà ló bà jẹ́, tó yọ́, tó tún bà jẹ́. Èyí keje, ó fi pamọ́ sábẹ́ àpò ìrẹsì kí ọkọ rẹ̀ má baà rí i, ó bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó sunkún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Mo tó ń gbé lọ́ọ̀ọ́kán wọn wọlé wá láìkanlẹ̀kùn. Bàbá yìí ló kọ́ Guangbiao níṣẹ́, ṣùgbọ́n ọdún kẹrìnlélógún rèé tí wọn ò ti bára wọn sọ̀rọ̀, látìgbà tí Guangbiao ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ láìdágbére, tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ síwájú ilé bàbá náà gan-an.

"Ta ló ń lu nǹkan nílé yìí?" Bàbá Mo béèrè. "Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń gbọ́ ọ. Òòlù yẹn ń tiro."

"Ẹ káàárọ̀ o, bàbá. Èmi ni."

"Gbé èyí tó o rọ wá."

Jiuying lọ fà á yọ lábẹ́ àpò ìrẹsì. Arúgbó náà yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Labalábá rèé? Eku mélòó ló ti jẹ nínú ẹ̀?"

Ojú ti Jiuying, ó wolẹ̀. Bàbá Mo mú ọsàn kan lórí tábìlì, ó sọ ọ́ lù ú. Gbà! Jiuying ti hán an. Ọwọ́ òsì ló fi hán an.

"Ẹn-hẹ́n! Ọwọ́ ẹ ti dáhùn, ìyàwó wa. Ta ló wá ní kó o máa fi ọwọ́ àlejò ṣiṣẹ́?"

Guangbiao sọ̀rọ̀ láti orí àga. "Kò... sẹ́ni tó ń fòsì... rọ fàdákà."

"Ọ̀tún tìrẹ dà?"

Ojú Bàbá Mo fúnra rẹ̀ yí padà bí ẹni tó géra rẹ̀ láhọ́n jẹ. Àfi bí ẹnu Guangbiao tó ti wọ́ ṣe ṣí, tó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Jiuying ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn látìgbà ìkórè.

"Bàbá yìí ò... yí padà," Guangbiao wí.

"Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin! Ìgbà wo ni mo fẹ́ yí padà?"

Lọ́jọ́ ọjà, Bàbá Mo àti Jiuying wọkọ̀ lọ sí ìlú Leishan láti ra irinṣẹ́ tó máa bá ọwọ́ òsì rẹ̀ mu. Bí wọ́n ṣe dé ìsọ̀ onírin, ojú Jiuying lọ sára àpótí aláwọ kan tí irinṣẹ́ tò sínú rẹ̀, tí gbogbo wọn ń kọ mànà.

"Aṣọ ìyàwó lo wá rà ni?" Bàbá Mo ní. "Gbé e sílẹ̀. Ẹ̀mú méjì, fáìlì kan, orí òòlù kan. Ó tó ọ."

Ó kọ́ ọ bí wọ́n ti ń pa ẹ̀mú dé kí wọ́n gbé e sójú oòrùn. Èyí tí ìmọ́lẹ̀ bá yọ láàárín ètè rẹ̀, kò lè di irun mú. Ó ní kó fi ìka wọ́ inú ẹnu rẹ̀, kó rí i pé ó ń yọ̀, pé kò léyín. Ní ti òòlù, ó ní, "Wo ojú ẹ̀ bí ẹni wo dígí. Àpá tó bá wà lójú òòlù, fàdákà ló máa gbà á. Èyí tó o bá fẹ́, dì í mú títí o fi máa gbàgbé pé o di nǹkan mú."

Ẹ̀mú mẹ́rìnlá ni Jiuying dì mú, ó ń ṣí i, ó ń pa á dé. Ó sú obìnrin tó ń tà á.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ lẹ ń yàn ni?"

"Ọkọ ò gbà mí tó báyìí," Jiuying fèsì, ẹ̀rín sì gba gbogbo ìsọ̀.

Obìnrin náà fẹ́ ta èèkù òòlù fún wọn pẹ̀lú, Bàbá Mo kọ̀ ọ́. Ó ní wọn kì í ra èèkù.

Ìgbà tí wọ́n délé ni Jiuying tó mọ ìdí rẹ̀. Ó wà níbi tó ti ń se ọbẹ̀ ẹja kíkan, ó ń gbọ́ ariwo lóde. Guangbiao ti fi ọwọ́ òsì mú ọ̀bẹ, ó ń họ igi. Bàbá Mo di igi náà mú fún un.

"Ó ti tín-ín-rín jù!"

"Ọwọ́ ẹ̀... kéré. Èmi ni mo... fẹ́ ẹ. Mo mọ̀ ọ́n."

"O mọ̀ ọ́n, o wá fún un ní òòlù àgbọ̀nrandan? Ìyá Lian! Wá gbé ọwọ́ wá!"

Ìgbà márùn-ún ni wọ́n pè é kúrò nídìí iná láti wá wọn ọwọ́ rẹ̀ mọ́ igi. Ìgbà karùn-ún, igi náà jókòó sínú àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀ bí ẹni tó délé. Ọbẹ̀ sì jóná díẹ̀. Wọ́n jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kò di ọ̀gá lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n labalábá tó rọ lọ́sẹ̀ yẹn kò ní àpá lára. Èyí tó tẹ̀ lé e, ìyẹ́ rẹ̀ tínrín débi pé tó bá mí sí i, á gbọ̀n. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, adé ti pé. Ìyá ìyàwó fọwọ́ kan labalábá kọ̀ọ̀kan, ó béèrè ẹni tó rọ ọ́.

"Ìyàwó mi," Guangbiao dáhùn. "Ọwọ́ òsì."

Bí ìgbéyàwó ti parí báyìí, Jiuying gbé pẹ́pẹ́yẹ kan àti ọtí ìrẹsì, ó sọdá sọ́dọ̀ Bàbá Mo. Ó fẹ́ kúnlẹ̀.

"Dìde, má fi eruku ba aṣọ jẹ́."

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ mi hàn mí. Mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́."

Bàbá Mo gba pẹ́pẹ́yẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Látìgbà tí ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, òòlù ò dún nílé mi mọ́. Tí mo bá jí, àkùkọ nìkan ni mò ń gbọ́. Ní báyìí, mo máa ń gbé tíì mi sójú fèrèsé, màá máa gbọ́ ẹ. Tó o bá ṣì í lù, mo mọ̀. Tó o bá lù ú re, ara mi á yá gágá. Ta ló wá yẹ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ ta ni?"

Jiuying wẹ̀yìn. Guangbiao ti jáde nílé tòun tọ̀pá rẹ̀, ó ń bọ̀ wá lójú ọ̀nà.

"Ọ̀gá," ó pè láti ọ̀ọ́kán, "ẹ dúró... ẹ má tíì jẹ ẹ́. Mo fẹ́ wá... dúpẹ́."

Ó pẹ́ kó tó sọdá. Kò sẹ́ni tó kán an lójú.