Ewé Tó Sùn Nínú Báàgì

Ìyá Ààrò ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́ àyẹ̀wò, torí òun ló ń fi ààrò iná mànàmáná mú ewé oúnjẹ ẹran gbẹ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá kẹ̀? Kò bímọ, kò lọ́kọ, ṣíbí kan ṣoṣo ló wà nílé rẹ̀. Ẹni tó ń pè é lórí fóònù kò ju Bàbá Alágùntàn lọ, tí àwọn abo àgùntàn rẹ̀ kò lóyún láti ọdún méjì. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni baba ń pè láti béèrè èsì ewé rẹ̀, á sì bi í pé, "Ṣé o ti jẹun?" Ta ló tún ń bi í nírú ìyẹn?

Kúlófà, ewé oko kan tí ẹran fẹ́ràn, ni baba fi ń bọ́ àwọn àgùntàn náà. Èròjà kan wà nínú ewé yìí tó ń ṣe bí omi inú ara abo tó ń darí oyún. Tó bá pọ̀ jù, oyún ò ní dúró. Ewé tó yára gbẹ nínú ààrò máa ń pa èròjà náà mọ́, èyí tó bá rọ díẹ̀díẹ̀ á sọ ọ́ nù. Ọjọ́ tí ewé baba dé, ọjọ́ ìbí Ìyá Ààrò ni. Ẹnikẹ́ni ò kí i. Inú bí i, ó gbé báàgì rẹ̀ lọ sílé pẹ̀lú ewé nínú. Ọjọ́ kẹta ló tó rántí, ló bá rọra jù ú sínú ààrò. Èsì jáde: ewé ò ní wàhálà.

"Á jẹ́ pé àgùntàn mi yàgàn nìyẹn," ni baba wí nígbà tó pè. "Bẹ́ẹ̀ ewé tútù yọ̀yọ̀ tí kò tíì tanná ni mò ń fún wọn. Alápatà ń bọ̀ lọ́la. Ọmọ mi, àwọn nìkan ni mò ń bá sọ̀rọ̀ nílé yìí."

Ìyá Ààrò rántí ewé tó sùn nínú báàgì rẹ̀. Tó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Tó bá jẹ́wọ́, ṣé baba á tún pè é láéláé?

"Bàbá, ẹ dá alápatà dúró! Èmi ni mo ba ewé yín jẹ́, mo jẹ́ kó rọ kí n tó jù ú sínú ààrò. Àgùntàn yín ò yàgàn, ewé tútù tí kò tíì tanná ló ń dí oyún lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí ewé tanná tán, kí ẹ sá a sóòrùn dáadáa kí wọ́n tó jẹ ẹ́."

Baba bú sẹ́kún. "Olúwa á san án fún ọ. Mo ti yọ ọ́ lẹ́nu jù, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ ti yanjú, n ò ní dà ọ́ láàmú mọ́."

"Ẹ ò dà mí láàmú rárá, Bàbá..."

Fóònù ti kú.

Ọjọ́ Ẹtì dé, Ìyá Ààrò jókòó ti fóònù títí oúnjẹ rẹ̀ fi tutù. Kò dún. Ó dùn ún wọnú egungun. Ó fẹ́ gbàdúrà fún àwọn àgùntàn náà, ṣùgbọ́n bí wọn ò bá lóyún, baba á tún pè. Ẹnu rẹ̀ kọ̀ láti sọ pé kí wọ́n tètè lóyún.