Àpótí Tó Ń Dá Iye Owó Ọkọ̀

Ọjọ́ Nikola Mímọ́ gan-an ni Àjọ Ìdíje Ọjà yàn láti wá ká awakọ̀ takisí méje mọ́ ilé Radojka. Bóyá wọn kò wo kàlẹ́ńdà ni, bóyá wọ́n sì wò ó dáadáa. Ilé tó bá ń ṣe ọjọ́ ẹni mímọ́ tó ń dáàbò bo ìdílé rẹ̀ kì í pe àlejò. Ẹni tó bá wá ló wá, a kì í sì í lé ẹni tó bá wá. Nítorí náà, nígbà tí Tihomir, aṣèwádìí àjọ náà, kan ilẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ náà pẹ̀lú ìwé tí wọ́n lu lóǹtẹ̀, Radojka fà á wọlé kúrò nínú òtútù.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ bu ṣíbí àlìkámà kan."

"Ìyáàfin, mo wá yẹ ilé yín wò ni."

"Mo gbọ́. Àlìkámà ò ní kí ẹ má yẹ̀ ẹ́ wò."

Tihomir ṣe àmì àgbélébùú, ó bu ṣíbí kan nínú àlìkámà sísè tí àlejò kọ́kọ́ ń tọ́ wò lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fún un ní àga láàárín àwọn awakọ̀, níwájú àwo ẹja.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Radojka ti ń wa takisí, láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ìwé àṣẹ tó fi ń wakọ̀ ló fi tọ́ ọmọ méjì, òun náà ló fi ń ra igi ìdáná. Lọ́dún tó kọjá ni Brzko dé sí ìlú wọn, ilé iṣẹ́ tí ènìyàn ń fi fóònù pe ọkọ̀ rẹ̀. Ìdajì iye tí àwọn tó kù ń gbà ni Brzko kọ́kọ́ ń gbà. Nígbà tí àwọn awakọ̀ ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ wọn, owó Brzko bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Àwọn méje tó kù wá jókòó sí tábìlì Radojka yìí kan náà, wọ́n bu búrẹ́dì, wọ́n sì sọ pé láti ibùdókọ̀ rélùwéè dé ilé ìwòsàn, ọ̀ọ́dúnrún dínà ni, ìbáà jẹ́ òjò, ìbáà jẹ́ yìnyín. Brzko gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Àjọ, nítorí òfin kò gbà kí àwọn tó ń díje jọ dá iye owó. Ìwé tó wà lọ́wọ́ Tihomir sì sọ pé bí ẹ̀rí bá wà pé wọ́n jọ fẹnu kò lórí iye owó kan, ìjọba yóò gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn méjèèje.

Radojka ti kìlọ̀ fún wọn ṣáájú. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, kò sẹ́ni tó bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀, ọkàn wọn kàn bára mu ni. Ohun tó gbàgbé ni pé àbẹ́là ẹni mímọ́ yóò máa jó lórí tábìlì.

"Ǹjẹ́ ẹ jọ fẹnu kò lórí iye owó?" Tihomir béèrè.

Radojka ya ẹnu, ṣùgbọ́n Svetozar ti ṣáájú rẹ̀. Svetozar ni kum rẹ̀, ọkùnrin tó dúró ṣe ẹlẹ́rìí fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó, irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì ju ọmọ ìyá ẹni lọ. Òun náà ń wa takisí, ó sì ń pọn rakija, ọtí líle tí wọ́n fi èso pọ́ọ̀mù ṣe.

"A fẹnu kò kẹ̀? Búrẹ́dì la fi búra. Èmi ni mo di apá kan mú, Radojka di apá kejì."

Radojka tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Yé tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ jàre. Ta ló fẹ́ purọ́ níwájú àbẹ́là?"

Àwọn márùn-ún tó kù mi orí pé òótọ́ ni. Ọ̀kan tilẹ̀ rán Tihomir létí pé kó má gbàgbé láti kọ ọ́ pé òun náà búra. Tihomir ń kọ ọ́ lọ, ojú ń tì í.

"Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí," ó ní. "Kò sẹ́ni tó bá mi fi kún ẹ̀sùn ara rẹ̀ rí."

"Ọ̀gá Tihomir, ẹ jẹ́ n bi yín," Radojka wí. "Igba ọkọ̀ Brzko, ṣé iye kan náà kọ́ ni gbogbo wọn ń gbà?"

"Iye kan náà ni."

"Ta ló dá a fún wọn?"

"Ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ kì í jókòó ti tábìlì, kì í sì í fi búrẹ́dì búra. Ìmọ̀ ẹ̀rọ lèyí, kì í ṣe àdéhùn. Ìjọba fẹ́ràn rẹ̀."

"Lánàá tí yìnyín bọ́, ẹgbẹ̀rún dínà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ aláboyún."

"Ẹ̀rọ náà rí yìnyín ni."

"Àwa náà rí i. A ò fi kún owó."

"Ẹ̀ṣẹ̀ yín gan-an nìyẹn, ìyáàfin. Ẹ ti bá ara yín sọ ọ́ pé ẹ ò ní fi kún un."

Svetozar ní ká ní òun mọ̀ pé àánú lòdì sófin, òun ì bá ti di olówó tipẹ́.

"Ṣé kò sí ọ̀nà àbáyọ?" Radojka béèrè.

"Ọ̀kan wà. Bí ẹ bá pa àdéhùn yín tì, tí ẹ sì fi ètò mìíràn rọ́pò rẹ̀ kí n tó fọwọ́ sí ìwé yìí, ẹjọ́ parí."

"Ìgbà wo lẹ máa fọwọ́ sí i?"

"Bí mo bá jẹ ẹja yìí tán."

Radojka bu ẹja ńlá mìíràn sínú àwo rẹ̀, ó sì yára wọ ilé ìdáná. Nígbà tó jáde, òṣùwọ̀n ọtí ló mú dání, ìyẹn dígí tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn tó ń pọn rakija máa ń jù sínú rẹ̀ láti mọ bó ṣe le tó.

"Láti òní lọ, a ò sọ̀rọ̀ owó mọ́. Láràárọ̀, a ó ju èyí sínú rakija Svetozar. Nọ́ńbà tó bá mú wá, a ó fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sọ ọ́ di púpọ̀. Owó ọkọ̀ nìyẹn."

Wọ́n dán an wò. Ìgò àkọ́kọ́ mú ogún wá, ó di ọ̀ọ́dúnrún dínà. Ìgò kejì mú méjìlélógún, owó sì gòkè. Tihomir tẹjú mọ́ ọn, ó ṣí fọ́ọ̀mù tí Àjọ fi ń mọ ohun tó jẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

"Ǹjẹ́ ènìyàn ló ń dá iye owó? Rárá. Ǹjẹ́ iye owó ń yí padà? Bẹ́ẹ̀ ni. Ǹjẹ́ èrò ọkọ̀ lè mọ bí iye náà ṣe jáde?"

"Ọmọdé gan-an lè mọ̀ ọ́n," Radojka wí, inú rẹ̀ sì dùn.

Tihomir gbé bíírò sílẹ̀. "Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn wà o."

"Kí ni Brzko kọ síbẹ̀?"

"'Rárá. Àṣírí iṣẹ́ ni.' Ohun tí gbogbo ènìyàn bá lóye, ìyáàfin, a kì í pè é ní ìmọ̀ ẹ̀rọ. Àdéhùn tó wọ aṣọ ni."

Ìrù ẹja ló kù nínú àwo. Radojka wò ó, ó sì gun orí àga, ó gbé aago ọkọ rẹ̀ kúrò lára ògiri. Ó yọ ìfun aago náà dànù, ó gbé ìgò àti òṣùwọ̀n sínú àpótí rẹ̀, ó fi aṣọ dúdú bo gbogbo rẹ̀, ó fi ihò kékeré kan sílẹ̀.

"Kí lẹ rí nísinsìnyí?"

"Nọ́ńbà kan."

"Báwo ló ṣe débẹ̀?"

Tihomir, tó fi ojú ara rẹ̀ rí ìgò náà bó ṣe ń wọlé, ronú díẹ̀. "N ò mọ̀," ó ní, bí ẹni tí ẹrù bọ́ lórí rẹ̀. Ó kọ "Àṣírí iṣẹ́", ó fọwọ́ sí i, ó sì jẹ ìrù ẹja náà.

Ní ọjọ́ kejì, inú àgbá tí ọtí rẹ̀ le jù ni Svetozar ti bu ọtí. Àpótí mú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n wá. Èrò àkọ́kọ́ tí Radojka gbé ni tíṣà àgbà kan tó ń lọ sí ilé ìwòsàn, ọkùnrin tó ti ń bá a jà lórí dínà mẹ́wàá láti ọjọ́ pípẹ́.

"Irínwó dín mẹ́wàá? Kí ló gbé e sókè?"

Àlàyé ti wà létè Radojka. Ó rántí fọ́ọ̀mù náà.

"N ò mọ̀, tíṣà. Àpótí ló sọ bẹ́ẹ̀."

Ó ń dúró de èébú. Tíṣà náà wo yìnyín lójú fèrèsé.

"Ó dáa, bó bá jẹ́ àpótí ni," ó ní, ó sanwó, ó sì dúpẹ́.

Radojka ká owó náà sínú àpò. Ìwé àṣẹ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọdún mọ́kàndínlógún, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó gba owó tí kò gbọ́dọ̀ ṣàlàyé, kò sì sẹ́ni tó bá a jà.