Káàdì tí Mo Yọ Nínú Mac Bàbá

—Má yọ káàdì yẹn o, Nourou.

—Bàbá, Mac ń ṣiṣẹ́ láìsí i.

—Mac ń ṣiṣẹ́. Ìwé tèmi ńkọ́?

Lọ́dún tó kọjá nìyẹn, nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní àdúgbò Hamdalaye. Mo rẹ́rìn-ín. Mo dúró kó lọ kírun... mo yọ ọ́.

Mac náà, kọ̀ǹpútà àtijọ́ Bàbá, ti jí báyìí. Ó ń tàn. Ó ń wò mí bí ẹni tí kò sóhun tó ṣe é. Káàdì yẹn ló ń jẹ́ kó gbọ́ DOS, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, DOS sì ni Bàbá fi kọ gbogbo rẹ̀: orúkọ agboolé wọn ní Ṣábẹ̀ẹ́, orúkọ àwọn àbúrò rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Bàbá nígbà tó kúrò níbẹ̀. Tá a bá bi í nípa wọn, á ní, "Ó wà nínú ẹ̀rọ." Ó ti kú, ó pé ogójì ọjọ́ lónìí. Àbúrò mi Latifatou ń gbé ìròyìn ikú rẹ̀ lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ ń lọ lọ́sàn-án yìí — ilẹ̀kùn ta ni yóò kàn?

"Fáìlì yẹn ti bàjẹ́," mo sọ fún un láàárọ̀. "Bàbá ò mọ nǹkan tọ́jú. C'est comme ça, bó ṣe rí nìyẹn."

Irọ́. Mo ti kó káàdì náà fún Zakari tó ń sun àwọn káàdì ẹ̀rọ lórí èédú láti yọ góòlù inú wọn. Bá a ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: ohun tí ẹ̀rọ bá lè tàn láìsí i, pàǹtí ni. Mo yọ díìsìkì tí ìwé Bàbá wà lórí rẹ̀, mo gbé e sínú kọ̀ǹpútà tuntun. Àmì wẹ́wẹ́, bí èèrà lórí ìyẹ̀fun. Mo wá di ẹ̀bi ru òkú. Òkú kì í kúkú fèsì...

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó wó ilé wa ní àdúgbò Zangouettin náà — kí ni wọ́n wí? "Ìlú á máa lọ láìsí i." Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń ṣépè fún ẹnu tó sọ ọ́.

Ẹnu mi nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan náà. Bàbá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó kú: lẹ́nu wọn, lẹ́nu mi.

Latifatou ń so báàgì mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù tó fẹ́ gùn dé ibùdókọ̀. Sọ ọ́, Nourou. Sọ ọ́ —

"Latifatou, káàdì yẹn..."

Ó ti tan alùpùpù náà.

"Zakari ti sọ fún mi lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin ni mo ń dúró dè."