Ẹni Tó Máa Ké

Obìnrin kan pa iṣẹ́ kẹtàlélógún lórí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ rẹ̀, ó káwọ́ gbera, ó ń wo fóònù orí tábìlì. Fóònù ò dún.

Báyìí ni àwọn olùtọ́jú kọ̀ǹpútà ṣe ń dágbére fún ẹ̀rọ tó ti darúgbó. Bàbá Onígíláàsì, ọ̀gá tó kọ́ obìnrin yìí níṣẹ́, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré yọ wáyà. Ó ní kí wọ́n pa iṣẹ́ ẹ̀rọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wá dúró wo ẹni tó máa ké. Ilé iṣẹ́ omi tó ní ogójì ẹ̀ka ni tiwọn; ta ló lè mọ gbogbo ẹni tí ẹ̀rọ kan ń ṣe lóore ní kọ̀rọ̀?

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí Bàbá ti kú. Ẹ̀rọ rẹ̀ ò kú ní tirẹ̀. Ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà jẹ́ irú èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ kọ káàkiri ayé, tí ẹnikẹ́ni lè ṣí inú rẹ̀ wò, tí ẹnikẹ́ni sì lè tún ṣe. Ọdún mẹ́wàá ni àwọn tó ń bójú tó o ṣèlérí pé àwọn yóò fi máa dí ihò tí olè lè gbà wọlé. Ilé iṣẹ́ bẹ̀ wọ́n, wọ́n fi ọdún mẹ́ta lé e. Agogo mẹ́rin ọ̀sán òní ni gbogbo rẹ̀ dópin. Lẹ́yìn ìyẹn, ihò tó bá lu di ti onílé, a kì í sì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ̀rọ tuntun ti wà ní ìkàlẹ̀.

Síbẹ̀, ara obìnrin náà ò balẹ̀ látàárọ̀. Ó wọ yàrá ẹ̀rọ, òtútù ibẹ̀ mú un ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó sì wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni pé ẹnìkan wúkọ́. Kò rí nǹkan kan àfi iná wẹ́wẹ́ tó ń ṣẹ́jú. Àga Bàbá ṣì wà ní igun, ẹnikẹ́ni ò jókòó lé e. Ẹ̀rù bà á, ó sì fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín: àgbàlagbà tó ń sá fún àga.

Agogo méjì kọjá díẹ̀ ni fóònù dún. Ó rò pé ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka ni.

"Ẹ jọ̀ọ́," ohùn ìyá àgbà kan ní, "ṣé ẹ̀yin lẹ wà nídìí ẹ̀rọ ọkọ mi? Kò jí lónìí."

Ìyàwó Bàbá Onígíláàsì ni. Ó ṣàlàyé pé lọ́dún tí ẹ̀rọ náà dé, tí Bàbá máa ń sùn síbi iṣẹ́, ó ní kí ẹ̀rọ máa fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí òun ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀: "Mo ti jí. Ara mi le. Ìwọ ńkọ́?" Kò yọ ọ́ mọ́. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ Ẹtì. Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó jí.

Obìnrin náà mọ ọ̀rọ̀ náà. Bàbá ti fi nọ́ńbà fóònù obìnrin náà kún un nígbà tó ń kọ́ ọ níṣẹ́. Láràárọ̀ ló ń rí i, ó sì rò pé òun nìkan ló ń rí i. Lánàá ló pa á pọ̀ mọ́ àwọn yòókù, ó kà á sí eré. Ó tọrọ àforíjì, ó ní ọmọ iṣẹ́ Bàbá lòun.

"Mi ò ya wèrè o, ọmọ mi," ìyá náà ní. "Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Ṣùgbọ́n òun ló kọ ọ́. Mo sì máa ń fèsì. Ṣé ó ń dé?"

Obìnrin náà ṣí ibi tí èsì ń kó jọ sí, ibi tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún. "Mo jí. Ẹsẹ̀ ń dùn mí." "Mo jí. Ọmọ rẹ ti bímọ, ó jọ ọ́." "Mo jí, àmọ́ mi ò fẹ́ jí."

"Ó ń dé, Mà. Gbogbo rẹ̀ wà níbí."

"Ta ló ń kà á?"

Irọ́ wá sí i lẹ́nu, ó gbé e mì. "Kò sẹ́ni tó kà á rí, Mà. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà á báyìí ni."

Ó ní òun lè gbé ọ̀rọ̀ náà sórí ẹ̀rọ tuntun, kó máa jí láràárọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Rárá," ìyá náà ní. "Ọdún mẹ́ta ni mi ò jẹ́ kó sùn. Jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n lè dá a lóhùn."

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí agogo mẹ́rin lù, obìnrin náà jí iṣẹ́ kékeré tó ń fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́. Fóònù tó wà nínú àpò tirẹ̀ gbọ̀n, kò wò ó. Kò pẹ́ tí èsì ìyá náà fi yọ lójú ẹ̀rọ: "Ara mi le. Ó dàárọ̀, ọkọ mi."

Ó pa ẹ̀rọ. Fáànù rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dákẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé e, ó ṣì gbóná.

Ó dúró bí Bàbá ti kọ́ ọ, ó ń retí ẹni tó máa ké. Nígbà tó ṣe, ó yọ fóònù rẹ̀ jáde. "Ìwọ ńkọ́?" ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò fèsì sí rí látọjọ́ tó ti ń rí i. Ó tẹ "Ara mi ò le," ó fi ránṣẹ́. Kò síbi tó máa dé mọ́. Ìgbà náà ni ohùn kan ta yọ nínú yàrá náà, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ló ké.